Wọ́n Fún Wa Ní Pọ́ǹpù, Wọn Ò Fún Wa Ní Ìsinmi

Bí oyún bá ti ń hàn lára ènìyàn ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í dé: ìyá ọmọ, ẹ wá yan pọ́ǹpù tí ẹ ó máa fi fún omi ọyàn. Ọ̀fẹ́ ni o. Òfin ìlera tí Ààrẹ Obama buwọ́ lù ní 2010 ló pa á láṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò pé kí wọ́n máa san owó ẹ̀rọ náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní Houston, mo ní ìlú yìí mà láàánú o! Àṣé àánú ọ̀hún nídìí. Ìlú kan náà ni kò ní òfin àpapọ̀ kankan tó ní kí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni san kọ́bọ̀ fún obìnrin tó lọ bímọ. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1993 fún un ní ọ̀sẹ̀ 12 láìsí owó, ìyẹn náà bí ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá ní òṣìṣẹ́ tó tó 50, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti lo ọdún kan níbẹ̀. Ta ló fẹ́ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ 12 láìgbowó, nígbà tí onílé kò bímọ ní tiẹ̀, tó sì ń retí owó ilé rẹ̀? Bí wọ́n ṣe fi pọ́ǹpù dí àlàfo nìyẹn. Ìyá á gba ibi iṣẹ́ lọ, ọmọ á gba ilé àwọn olùtọ́jú lọ, ọyàn á sì bá ọmọ lọ nínú ìgò.

Màámi wà ní Erúnmu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá. Mo gbé ẹ̀rọ náà sójú fóònù kí wọ́n lè rí i.

“Kí lèyí ń ṣe?”

Mo ní omi ọyàn la fi ń fún.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ṣé o fẹ́ máa ta wàrà ni?”

Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ìyá Fúlàní tó ń gbé igbá wàrà wọjà ni a mọ̀ mọ́ irú iṣẹ́ yìí, màálù ni wọ́n sì ń fún, kì í ṣe ara wọn. Mo ṣàlàyé pé mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ni, àti pé ọmọ máa wà lọ́dọ̀ àwọn olùtọ́jú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Màámi ní, “Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́? Kí ló ṣe ẹ̀yìn rẹ?”

Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀yìn mi. Ọ̀gá mi ni kò fẹ́ rí ọmọ lórí rẹ̀. Màámi pọn gbogbo wa lọ sóko, wọ́n pọ̀n wá lọ sọ́jà Lálúpọn, bí ọmọ bá sì ké, wọ́n á yí i síwájú, ọ̀rọ̀ á parí. Wọn ò wọn ohunkóhun, wọn ò fọ ohunkóhun, wọn ò sì ki ohunkóhun bọ iná.

Èmi tí mo wà níbi tí ọ̀làjú wà, mo ní láti yan. Ọ̀kan wà tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀. Ọ̀kan ń lo iná, ọyàn kan ló sì ń fún lẹ́ẹ̀kan. Òmíràn ń fún méjèèjì pọ̀, òun ni mo mú, torí ó ń dín àkókò kù. Èyí tó lókìkí jù báyìí ni èyí tí wọ́n ń tì sínú kọ́mú, táá máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ aṣọ nígbà tí ìwọ ń bá ọ̀gá rẹ jíròrò. Ní 2018, obìnrin kan gbé irú rẹ̀ wọ̀ lójú agbo níbi àfihàn aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ẹ̀rọ ń fún un. Bí ó bá jẹ́ ọjà Erúnmu ni, àdúrà ni wọ́n máa gbà fún un.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ kì í sí nínú ìpolówó: àrọ tí a ń gbé lé orí ọyàn. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà 24 ló sábà máa ń wà nínú páálí, bẹ́ẹ̀ orí ọyàn ẹlòmíràn kò ju 17 lọ. Èyí tó tóbi jù á fa ẹran àyíká ọyàn wọlé, èyí tó kéré jù á máa ha á, omi ọyàn kò sì ní jáde tán. Kí ènìyàn lọ wọn ara rẹ̀ kí ó tó dáwọ́ lé ohunkóhun. Ẹ tún wò ó bóyá ó ní ìdènà tí kì í jẹ́ kí omi ọyàn wọnú ẹ̀rọ. Èyí tí kò ní, èéhù máa ń hù nínú rọ́bà rẹ̀ níbi tí ọwọ́ kankan kò lè dé.

Ẹni tó ṣe ọ̀kan nínú àwọn pọ́ǹpù oníná àkọ́kọ́ ni Edward Lasker, ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930. Ẹnjiníà ni, ọ̀gá sì ni nínú eré ṣẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí mo sọ fún Màámi pé ọ̀tayò ló ṣe é, wọ́n ní òun ti mọ̀. Wọ́n ní ẹni tó jókòó sídìí ọpọ́n ayò láti àárọ̀ nìkan ni irú èrò bẹ́ẹ̀ lè wá sí lọ́kàn.

Ní oṣù Kejìlá 2022, wọ́n fẹ òfin abiyamọ lójú sí i ní Amẹ́ríkà: ibi iṣẹ́ púpọ̀ sí i gbọ́dọ̀ fún abiyamọ ní àyè àti yàrá tí kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, fún ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ. Mo jẹ àǹfààní yàrá náà. Àga kan, tábìlì kan, ihò iná kan. Wọ́n ní kí n máa wo fọ́tò ọmọ mi kí omi ọyàn lè sọ̀. Nílé, igbe ọmọ aládùúgbò nìkan tó láti mú kí bùbá ìyá ọlọ́mọ tutù láyà. Níbí, fóònù la fi ń tan ara. Gbogbo obìnrin tó ti lo pọ́ǹpù rí ló mọ̀ pé ẹ̀rọ náà máa ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń fà tó ń tú u sílẹ̀. Tèmi kò yé pariwo: “wọ́n tàn ẹ́, wọ́n tàn ẹ́, wọ́n tàn ẹ́.”

Àfi bí àbúrò mi náà ṣe lóyún. Akọ̀wé ni ní oko adìyẹ kan lọ́nà Ẹgbẹ́dá, òun ló ń kọ iye kíréètì ẹyin tó wọlé àti èyí tó jáde. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ ra pọ́ǹpù ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó ń wọnú kọ́mú ni o.”

Mo ní ká jọ rò ó. Iná Houston jẹ́ 120 fólítì, ti Nàìjíríà jẹ́ 230. Ṣájà púpọ̀ ló ń gba méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, èéfín ni pọ́ǹpù rẹ̀ máa fún jáde. Èyí tó ń gba USB ló dára, torí páwà báńkì lè gbé e bí wọ́n bá mú iná lọ. Ó dáa, a ti fún un tán. Níbo la fẹ́ gbé e sí? Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n ní omi ọyàn lè lò nínú yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju 25 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti ọjọ́ mẹ́rin nínú fíríìjì. Ọ̀sán Erúnmu nínú oṣù Kẹta kò mọ 25, fíríìjì tí kò níná kò sì yàtọ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù. Kúlà àti yìnyín ló kù, kí ó máa ra yìnyín lójoojúmọ́.

Ó ní tòkunbọ̀ wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò pọ̀. Mo ní ọkọ̀ tòkunbọ̀, mo gbà. Fíríìjì tòkunbọ̀, mo gbà. Pọ́ǹpù tòkunbọ̀, rárá. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹnì kan, ẹnì kan ló ni ín. Pọ́ǹpù olórí rọ́bà tí kẹ́mísìtì ń tà ńkọ́? Omi ọyàn máa ń wọnú rọ́bà yẹn, kò sì ṣe é fọ̀. Ó sàn kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ lásán fún un. Bí ọyàn bá sì wú tó le, ìgò ń bẹ. WHO àti UNICEF fi í sínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì: ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, ẹ rọ omi gbígbóná sí i kó gbóná dáadáa, ẹ dà á nù, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tutù, ẹ gbé e lé orí ọyàn, bí ìgò bá ṣe ń tutù ni yóò máa fà á. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màámi, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ da àgbo inú rẹ̀ nù.

Ife ni wọ́n tún ní kí wọ́n fi máa fún ọmọ mu, kì í ṣe fídà. Màámi ní kí ni ife fẹ́ ṣe, àtẹ́lẹwọ́ tí òun fi rọ gbogbo wa ṣì wà lára òun. Àbúrò mi ní nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀: ọyàn nìkan fún oṣù mẹ́fà, kò sí rírọ, kò sí àgbo, kò sí omi. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ìjà, mo sì gbé fóònù sílẹ̀ kí n lè lọ yẹ òfin wò.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974, ẹ̀ka 54. Obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́yàn ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín iṣẹ́, kó lè fún ọmọ lọ́yàn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀ kedere. Ó ní ọ̀sẹ̀ 12 ìsinmi pẹ̀lú, kò sì gbọ́dọ̀ gba iye tó dín ní ìdajì owó oṣù rẹ̀ bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1974! Àwa tí a sá wá sókè òkun, 2010 ni òfin àpapọ̀ ibí ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lè ní omi lọ́yàn. Òótọ́ ni pé òfin tiwa fẹ́ràn oorun, inú ìwé ló sì ń sùn sí. Ṣùgbọ́n àbúrò mi kì í jẹ́ kí nǹkan sùn. Ó tẹ ẹ̀ka 54 sórí pépà, ó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ka á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò burú, ta ló máa wá gbé ọmọ wá sí oko adìyẹ?

Lálẹ́ ọjọ́ náà ló pè mí. “Àǹtí mi, èlòó lẹ ní pọ́ǹpù yẹn?”

Mo sọ fún un.

“Ẹ má wulẹ̀ rà á mọ́. Ẹ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Mo ti bá oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá kan sọ ọ́. Tí mo bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, yóò máa gbé Màámi àti ọmọ wá ní aago mẹ́wàá àti aago méjì, yóò sì dúró dè wọ́n.”

Màámi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ̀rọ tìrẹ yẹn, ṣé ó ń mu bẹntiróòlù?”

Mo ní rárá, mà.

“Tiwa ń mu. Fi owó epo kún un.”