Mo Rán Kásẹ́ẹ̀tì Lẹ́wọ̀n

Bí wọ́n bá ń wá adájọ́ tó máa ń dájọ́ kó tó gbọ́ tẹnu ẹnìkejì, èmi ni kí wọ́n wá bá ní Jabi níbí, nílùú Àbújá. Ọ̀rọ̀ sinimá àdúgbò ló sọ mí di adájọ́. Ẹ wo Pen Cinema ní Agége: gbọ̀ngàn náà ti kógbá wọlé tipẹ́, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu àwọn agbèrò, ó sì tún wà lára bíríìjì tí ìjọba Èkó ṣí ní 2021. Ta ló pa irú ilé bẹ́ẹ̀? Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, torí pé inú gbọ̀ngàn sinimá àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń pàtẹ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Mo fọ́nnu lórí ẹ̀ títí, kó tó yé mi pé ẹni tó ra ilé olóògbé kọ́ ló pa olóògbé. Gbọ̀ngàn tó bá ń pawó, olówó rẹ̀ kò ní tà á fún ìjọ kankan.

Mo bá kọjú sí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, mo rán an lẹ́wọ̀n gbére. Ẹ̀rí ọwọ́ mi kò kéré. Ọ̀run Móoru tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ṣe ní 1982, wọ́n jí i dà sórí kásẹ́ẹ̀tì, gbèsè sì wọ ọkùnrin náà lọ́rùn. Nígbà tí fíìmù Living in Bondage wá jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì ní 1992, ta ló tún fẹ́ fi pálọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì? Àṣé olè ló jẹ owó Bàbá Sàlá, kì í ṣe rọ́bà tí wọ́n fi ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Èyí tó tún burú níbẹ̀, mi ò wo ọdún. Fíìmù ayé ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi fóònù ránṣẹ́. Okùn gbọọrọ ni, wọ́n á wé e sínú agolo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó òyìnbó sì ni wọ́n ń san. Nígbà tí Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògùn jáde ní 1976, títí dé ìgbà tí Hubert Ògúndé ṣe Jáiyésinmi ní 1981, náírà ṣì lẹ́nu láwùjọ. Ní 1985 pàápàá, dọ́là kan kò tó náírà kan. Ìjọba Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986. Ọdún tó tẹ̀ lé e, dọ́là ti di nǹkan bíi náírà 4, nígbà tó sì fi máa di 1992, ó ti kọjá 17. Ta ló máa fi irú owó yẹn fọ fíìmù, kó wá máa ṣa kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Ebi ló lé àwọn eléré wa sídìí kásẹ́ẹ̀tì.

Ẹjọ́ kẹta ló ń dójú tì mí jù, torí tayọ̀tayọ̀ ni mo dá a. Nígbà tí wọ́n ṣí Jabi Lake Mall létí adágún ní 2015, tí sinimá sì wà nínú rẹ̀, mo kéde pé òkú ti jí. Àga tìmùtìmù, ẹ̀rọ amúlétutù tó ń mú èèyàn gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń lọgun "Wẹ̀yìn!" fún òṣèré inú fíìmù. Wọ́n lè bi mí pé ṣé mi ò gbọ́ pé A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé ṣe pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ni. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni tíkẹ́ẹ̀tì kan, bílíọ̀nù kan jẹ́ owó 250,000 èèyàn ní gbogbo Nàìjíríà. Ìjọba ìbílẹ̀ Agége nìkan ní ju 400,000 èèyàn lọ nínú ìkànìyàn 2006. Sinimá ẹni tó rí jájẹ ló jí.

Àwòrán ni mo ń wá kiri, èrò ló sì yẹ kí n wá. Ẹ yà sí ilé ìwobọ́ọ̀lù kan ní Dakibiyu, ní Jabi níbí, nírọ̀lẹ́ Sátidé tí bọ́ọ̀lù bá wà: pátákó dúdú lẹ́nu ọ̀nà, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ Arsenal àti Chelsea sí i, pẹ̀lú aago àti iye owó, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé, tẹlifíṣàn méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo bẹ́ńṣì ń bú rẹfirí tí kò lè gbọ́ wọn. Fóònù wà lápò ọ̀pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ wọ́n sanwó wọlé. Ẹ lè ní bọ́ọ̀lù yàtọ̀, pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa já sí. Àwọn tó kún gbọ̀ngàn nígbà kan ńkọ́? Wọ́n mọ fíìmù India dé orí, wọ́n ń bá wọn kọ orin tí wọn ò gbọ́ èdè rẹ̀, wọ́n sì tún ń padà wá.

Nítorí náà, gbọ̀ngàn àdúgbò ṣì wà, fíìmù ni kò sí nínú rẹ̀. Bẹ́ńṣì wà, iná wà, ẹni tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà wà. Ọjọ́ Tuesday tí kò sí bọ́ọ̀lù, òfìfo ló ń wà. Kí àwọn tó ń ṣe fíìmù wa ta ẹ̀tọ́ ìfihàn rẹ̀ fún ọ̀gá irú ilé ìwobọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ lówó tó mọ níwọ̀n. Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: yóò jí i dà, bí wọ́n ṣe jí ti Bàbá Sàlá. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ fíìmù tí wọ́n fi pamọ́ fún mọ́ọ̀lù ti ń yí kiri lórí Telegram báyìí, ẹni tó ń wò ó níbẹ̀ kò sì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.