Àpò Lẹ́tà Tí N Kò Rí

Ọdún mẹ́ta ni Node 10, sọ́fítíwià tó ń mú kóòdù JavaScript ṣiṣẹ́, fi ń gbé ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì Ìyá Aláṣọ ró, tí mo ń wò ó bí ẹni ń wo òrùlé tó ń jò lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó ń ṣe Node ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú 10 láti oṣù kẹrin 2021: bí olè bá rí ihò lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dí i mọ́. Mo mọ̀ o. Ojoojúmọ́ ni ìkìlọ̀ ń yọ lójú kọ̀ǹpútà mi, mo kàn ń fò ó ni.

Oṣù kẹwàá ọdún náà, Node 17 jáde. Mo ní bí mo bá máa kan òrùlé, kí n kúkú ra páànù tuntun. 17 ju 16 tó ṣáájú rẹ̀ lọ, àbí? Ẹni tó mọ Node á ti máa rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni nọ́ńbà tuntun ń jáde nígbà náà; èyí tó bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba ni wọ́n ń tọ́jú fún ọdún mélòó kan. 17 àti irú rẹ̀, àlejò ni wọ́n.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbé e sórí láptọ́ọ̀pù mi. (Ẹ má bi mí ìdí tó fi jẹ́ alẹ́ Jímọ̀.) Ló bá kọ̀, ó ní: "error:0308010C:digital envelope routines::unsupported".

Envelope kẹ̀? Ọkàn mi lọ tààrà síbi rìsíìtì tí ìsọ̀ náà ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà nípasẹ̀ ímeèlì. Wákàtí méjì ni mo fi ń wá àpò lẹ́tà: mo yọ èyí, mo já tọ̀hún, títí rìsíìtì ò fi lọ mọ́, tí error náà sì jókòó síbi tó wà. Àṣé ọ̀rọ̀ ò kan lẹ́tà rárá. OpenSSL 3 tó bá Node 17 wọlé ló ti lé MD4, ìlànà hash àtijọ́ kan, sẹ́yìn, MD4 ọ̀hún sì ni webpack 4 tí mo ń lò fi ń sàmì sí fáìlì.

Mo rí oògùn tí gbogbo ayé ń dà kọ: NODE_OPTIONS=--openssl-legacy-provider. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ láptọ́ọ̀pù, ó jẹ́. Inú mi dùn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ sáfà tó gbé ìsọ̀ náà, mo sùn lọ. Mo gbàgbé pé Node 10 ló ṣì wà níbẹ̀. Kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní wọn ò fàyè gbà á, ó sì kọ̀ jálẹ̀, kò dìde.

Aago méje àárọ̀ Sátidé, fóònù dún.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ìsọ̀ mi ò ṣí."

"Ẹ má bínú, mà. A ti ń tún un ṣe."

"Ìwọ àti ta ni?"

Mo yọ oògùn náà, mo fi irinṣẹ́ nvm gbé Node 16 sórí sáfà àti láptọ́ọ̀pù, ìsọ̀ ṣí. Rìsíìtì ò lọ títí di ọjọ́ Ajé.

16 náà relé ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2023, ó ju oṣù méje lọ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, torí pé OpenSSL 1.1.1 tó wà nínú rẹ̀ ń kógbá sílé. Mo kọ ọjọ́ náà gàdàgbà sára ògiri yàrá mi. Níjẹta ni mo wọ sáfà náà lọ wò ó. 16 ló ṣì wà níbẹ̀. N kò tíì sọ fún Ìyá Aláṣọ.