Bí Mo Ṣe Sọ Táǹkì Udoji Di Ajere

Owó Udoji ni bàbá mi fi ra Honda 175 náà ní 1975, nígbà tí ìjọba san àjẹsílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, tí alùpùpù tuntun sì gba ìgboro kan. Kí ó tó di tèmi, ó ti pẹ́ tí adìẹ ti ń yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo. Mo ní màá tún un ṣe, màá gùn ún wọ Iléṣà lọ kí àwọn ẹbí ìyá mi. Ẹ́ńjìnnì ò yọ mí lẹ́nu. Táǹkì ni.

Ihò kan péré ni mo rí nísàlẹ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì àdúgbò ní kí n fi ọṣẹ ìfọṣọ dí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ti fi bẹ́ẹ̀ délé. Ǹ bá fi mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ pé ọsàn wẹ́wẹ́ a máa jẹ ìpẹtà. Mo fún omi ọsàn sínú táǹkì, mo da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, mo gbé e sókè orí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín.

Ìyá alákàrà yọjú. “Ọmọ mi, ta ló ń ṣe ìnáwó?”

N ò tíì fèsì tí omi pupa fi gba ọrùn mi wọnú bùbá funfun. Mo ti yọ táàpù ìdí táǹkì, n ò sì rántí dí ojú rẹ̀.

Nígbà tí mo fọ táǹkì náà tán, tí mo gbé e sójú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ń yọ níbi tí n kò fọkàn sí. Àṣé ìpẹtà tí mo fọ̀ kúrò ló ti ń bá mi dí àwọn ihò yòókù láti ọjọ́ yìí.

Mo gbé e lọ bá jórinjórin kan ní Ìgbọ̀nà. Ó gbóòórùn ẹnu táǹkì, ó fà sẹ́yìn. “Ẹ̀gbọ́n, epo wà níbí.” Mo ní kò sí ẹ̀kán kan, mo ti dà á nù tán. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù gan-an nìyẹn: inú táǹkì tó ṣófo ni ooru epo àti afẹ́fẹ́ ti ń ríra, tíná bá sì ta sí i, ó máa bú gbàmù. Èmi alákọ̀wé, mo ní owó ló fẹ́ fi gbà sí i. Ó wá bi mí bóyá màá lè bá òun di táǹkì náà mú bí òun bá ń jó o. Mo rántí pé mo ní ìpàdé.

Mo padà wá bẹ̀ ẹ́. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ló fi fọ̀ ọ́ títí òórùn fi tán, ó dojú rẹ̀ dé, ó rọ omi kún un títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ibi tó fẹ́ jó, ó sì fi bíráàsì dí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kejì ni mo ti ń wò ó.

Ọ̀dà pupa, èmi ni mo kùn ún. Epo tí mo kọ́kọ́ rọ sí i kún jù, ó ṣàn, ó sì bó ọ̀dà náà sórí ṣòkòtò mi. Mo ṣáà gbéra. N ò tíì jáde ní Òṣogbo tí alùpùpù náà fi kú. Mo tú táàpù: òkúta wẹ́wẹ́ jókòó sẹ́nu rẹ̀. Apá méjì ni táǹkì yẹn ní, ọ̀tún àti òsì, ìkan ni mo ti ṣa òkúta kúrò.

Mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ fọganáísà kan, mo wọ mọ́tò. Ní Iléṣà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi wo ṣòkòtò mi látòkè délẹ̀, ó ní alùpùpù bàbá mi dà.

Mo ní, “Ó wà lọ́nà, mà.”