Baba Oní-Téèpù Dúdú

Ẹ bá mi kí Alága àwọn lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa kú iná. Hiace rẹ̀ tó ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì ló tan iná kékeré kan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n kọ T-BELT sí i gàdàgbà. Alága pe riwáyà. Riwáyà wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó gé téèpù dúdú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú iná náà. Alága ní, "Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ ẹ." Ó sanwó, ó tún fi owó ẹlẹ́rìndòdò lé e. Wọ́n dí ẹlẹ́rìí lẹ́nu, wọ́n wá ní ẹjọ́ ti tán.

Ẹ má pe Alága ní ahun o. Ó kun mọ́tò náà lọ́dà tuntun, ó ran awọ sí gbogbo ìjókòó, ó gbé sípíkà tó ń mi fèrèsé aládùúgbò sẹ́yìn rẹ̀, ó sì kọ "Ayọ̀ Mi Dé" sára gíláàsì ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n táímìn bẹ́líìtì tí T-BELT yẹn ń sọ? Abẹ́ ìdérí ni nǹkan ọ̀hún ń gbé. Ta ló máa rí i tó máa kí i kú ìnáwó?

Etí la fi ń tún mọ́tò ṣe nílẹ̀ yìí. Ṣọ́ọ̀kù tó bá ń lu gbì-gbì, a gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Bíréèkì tó bá han gooro níwájú àlejò, ojú tì wá, a pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí kò bá ti pariwo, ara rẹ̀ le lójú tiwa. Bẹ́líìtì yìí sì níwà: rọ́bà tó ní eyín wẹ́wẹ́ ni, kì í dún, kì í béèrè ọ́ìlì. Nígbà tí àwọn ará Jámánì gbé irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ Glas 1004 lọ́dún 1962, wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń retí kí rọ́bà kígbe.

Ẹ bá Alága sọ ọ́, á ní Hiace Bàbá Rísì ti ń ná ọ̀nà Ìbàdàn tipẹ́, kò pààrọ̀ bẹ́líìtì rí. Òótọ́ ni. Pẹtiróòlù 2.7 ni ti Bàbá Rísì, ṣéènì irin ló wà nínú rẹ̀, ṣéènì tó bá sì ń gbó á máa hó ṣakala-ṣakala títí ẹ ó fi gbọ́. Dísẹ́ẹ̀lì D-4D ni ti Alága, bẹ́líìtì ló ní. Ọdún 2015 ni Toyota tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ́ńjìnnì GD oníṣéènì rọ́pò irú ẹ́ńjìnnì oníbẹ́líìtì yìí nínú Hilux. Àwọn mọ́tò méjèèjì jọ ń jẹ́ Hiace, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe jọ ń jẹ́ Táíwò láìjẹ́ pé ìyá kan ló bí wọn.

Iná tí wọ́n lẹ téèpù mọ́ yẹn kì í sì í ṣe wòlíì. Kìlómítà ló ń kà: 100,000 láwọn orílẹ̀-èdè kan, 150,000 láwọn mìíràn. Ó pé, ó tàn. Kò mọ̀ bóyá ọ́ìlì ń jò láti ara síìlì sórí rọ́bà, kò sì mọ iye ọdún tí rọ́bà ti lò. Mọ́tò tó jẹ́ pé òde ìyàwó nìkan ló ń lọ, bẹ́líìtì tirẹ̀ náà ń gbó nínú ọgbà níbi tó sùn sí.

Kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀? Kiráńkì tó ń ti písítìn lọ sókè sódò á yí lẹ́ẹ̀mejì, kámúṣáfù tó ń ṣí fáàfù á yí lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́líìtì ló ń mú wọn rìn pọ̀ kí ọ̀kan má ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó ń pa dé, nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Dísẹ́ẹ̀lì ò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Afẹ́fẹ́ ló ń fún, títí yóò fi ku nǹkan bí ìdá 1 nínú 18, tí yóò gbóná débi pé epo á gbiná fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé orí písítìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Fáàfù tó bá ṣì wà nísàlẹ̀ nígbà tí písítìn ń bọ̀ lókè, kò ríbi sá sí.

Lẹ́bàá Ògèrè ni bẹ́líìtì ti Alága já. Kò sí ariwo ńlá: "tà" kan péré, mọ́tò kú, sitíárìn le mọ́ dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́. Dẹ́rẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, wéréwéré, kò fẹ́ gbé nǹkan kan. Inú Alága dùn: "Ẹ ò rí i pé bátìrì le! Tún un yí!" Alága wa, bátìrì kọ́. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kí wọ́n fún ló ń gba ẹ̀gbẹ́ fáàfù tó ti tẹ̀ jáde. Gbogbo "tún un yí" yẹn, fáàfù tó ṣẹ́ kù ni písítìn ń wá kiri. Ìyá ẹlẹ́ja tó wà lẹ́yìn ti ń béèrè owó ọkọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń fa mọ́tò lọ, Alága ní ayé ló ṣe òun, pé àwọn ará ilé bàbá òun ò fẹ́ kóun gòkè. Ará ilé bàbá wo? Àwọn tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń rọ epo sí, ìgbà wo ni wọ́n mọ abẹ́ ìdérí bẹ́líìtì?

Kí mẹkáníìkì má tíì rẹ́rìn-ín. Ìwọ ọ̀gá oní-sípánà, tó o ra bẹ́líìtì tuntun, tó o wá dá tẹ́ńṣọ́nà ògbólógbòó tó ń fa bẹ́líìtì le padà sí i, o ní, "Ọ̀gá, èyí ṣì le." Tí bèárìn inú rẹ̀ bá gán lọ́la, kí ni bẹ́líìtì tuntun fẹ́ ṣe? Nínú ọ̀pọ̀ Volkswagen TDI, bẹ́líìtì yìí kan náà ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù. O tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, o rí i pé pọ́ǹpù ti ń jò, o ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Ṣọ́ọ̀kì lo fi sàmì sí ojú táímìn, òógùn rẹ kán sí i, àmì pa rẹ́, o ní eyín kan ò pa èèyàn. Eyín kan náà ló yẹ̀ tí mọ́tò fi ń rú èéfín tí kò lè gun òkè, tó o sì ní kí wọ́n lọ fọ ínjẹ́kítọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ ra tòkunbọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ní Kútọnu tàbí l'Ékòó, ẹ bi ọlọ́jà ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì kẹ́yìn. Á ní ìyá arúgbó òyìnbó kan ló ń fi í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kìlómítà á jẹ́ 62,000, bẹ́ẹ̀ rọ́bà orí pẹ́dà bíréèkì ti jẹ tán, awọ sitíárìn ti bó. Ẹ tún un bi. Tó bá wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, àní mi ò mọ̀," òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ látàárọ̀ nìyẹn. Ẹ yọ owó bẹ́líìtì àti tẹ́ńṣọ́nà kúrò nínú iye tó pè, kẹ́ ẹ wá gbọ́ ariwo.