Wọ́n Fárí Tán, Wọ́n Wá Ránṣẹ́ Pe Olórí

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ọ̀rọ̀ òpópónà etíkun Èkó sí Calabar bọ̀ láti ọdún 2024 mọ bí ìjọba àpapọ̀ ṣe to iṣẹ́ náà. Oṣù kẹta ni katapílà ti wọ inú iyanrìn. Iṣẹ́ ti gbérasọ kí Mínísítà iṣẹ́ òde, David Umahi, tó wá ń bá àwọn tọ́rọ̀ kàn ṣèpàdé l'Ékòó, kí wọ́n lè sọ tẹnu wọn. A kì í fárí lẹ́yìn olórí; àwọn wọ̀nyí fárí, wọ́n fọ abẹ, wọ́n wá ní kí olórí wá sọ irú ìfárí tó wù ú. Òfin gan-an kò fàyè gba èyí. Òfin àyẹ̀wò àyíká ti ọdún 1992 ní kí ìjọba tàbí aládàáni má ṣe dáwọ́ lé iṣẹ́ láìkọ́kọ́ yẹ ohun tí yóò ṣe fún àyíká wò, kí wọ́n sì jẹ́ kí ará ìlú sọ̀rọ̀ kí àṣẹ tó jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi òfin sílẹ̀ fún àwọn lọ́yà. Wáyà ni tèmi. Àwọn ará Òkun-Àjà l'Ékòó ní ojú ọ̀nà tó wà nínú gásẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2006 làwọn mọ̀, òun làwọn wò kọ́lé. Àfi bí ọ̀nà ṣe yà bàrá, tó dorí kọ ilé wọn. Ìjọba ní wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun wà lójú ọ̀nà àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ bá mi wo wáyà yìí. Kò wá sí ìpàdé kankan. Kò kọ orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò nawọ́ sókè, kò jókòó ti alága ètò títí yóò fi kí gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì ọlọ́lá tán. Wáyà kò ní ìwé ilẹ̀, kò gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn. Síbẹ̀, ọ̀nà yà fún un. Àwọn tó sọ̀rọ̀, tí wọ́n fẹ̀hónú hàn, tí wọ́n kó ìwé dání, àwọn ni wọ́n ní kí wọ́n yà fún ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba gbọ́ tòun, kó lọ dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ òkun, kó panu mọ́.

Àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba yóò ní wáyà kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ. Òótọ́ ni. Nínú oṣù kẹta kan náà ni àwọn wáyà abẹ́ òkun bà jẹ́ lápá Abidjan, tí báńkì wa ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. N kò bá wáyà jà. Ẹ̀rí mi ló jẹ́. Ó fi hàn pé ojú ọ̀nà ṣeé yí padà bí ìjọba bá ka ohun tó wà níwájú kún. Wọn a tún ní ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀ tó tó 250 mítà láti etí òkun. Ó dáa. Ta ló wá ń wo àwọn tó kọ́lé sí etíkun Landmark l'Ékòó níran nígbà tí wọ́n ń kọ́ ohun tí ìjọba wó níbẹ̀ nítorí ọ̀nà yìí? Bí Abuja àti Alausa, ìjọba Èkó, kò bá tíì mọ ẹni tó ni ilẹ̀ láàárín ara wọn, àwọn méjèèjì ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣèpàdé. Èyí tí wọn a sọ kẹ́yìn ni pé bí a bá ní ká gbọ́ tẹnu gbogbo ayé, ọ̀nà kò ní ṣeé ṣe. Ọ̀nà tó tó 700 kìlómítà, tí ìpín àkọ́kọ́ rẹ̀, kìlómítà 47 péré, ti lé ní tírílíọ̀nù kan náírà? Ẹ kò rí oṣù mẹ́fà fi gbọ́ tẹnu ẹni tí ẹ fẹ́ wó ilé rẹ̀? Ìfojú-ẹni-gbolẹ̀ ni. Owó gbà-má-bínú kò sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Àti pé, níwọ̀n bí wáyà ti ṣe iyebíye tó báyìí, tó sì gba ẹ̀yìnkùlé àwọn ará Òkun-Àjà kọjá, kí ló dé tí dátà ṣì fi wọ́n tó báyìí, tí fídíò kan ń yí bírí bírí láti àárọ̀?