Ṣé Wọn Ò Fún Ọ Lóúnjẹ Lóhùn-ún Ni?

Ọmọ Yorùbá tó bá ń wá bí ara rẹ̀ yóò ṣe fúyẹ́ ní Ìlú Ọba kì í ní ẹlẹ́rìí. Ẹ lè yẹra fún ẹ̀bà láti ìgbà òtútù títí di ìgbà ooru, kí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ nínú òjò wẹliwẹli wọn yẹn, kò sí òyìnbó tí yóò la ẹnu sọ fún yín pé nǹkan kan yí padà lára yín. Àfojúdi ni lójú wọn láti máa sọ̀rọ̀ ara ẹlòmíràn. Ẹni tí ẹ jọ ń jókòó nínú ọ́fíìsì kan náà á rí i pé ẹ ti ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú bí ẹ bá dìde, á yíjú sójú fèrèsé, á ní ó jọ pé òjò máa rọ̀ lọ́sàn-án.

Ẹ wá wọ bàálù, kí ẹ dé Ìbàdàn. Ẹ ò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí ìdájọ́ fi dé.

"Àkànní! Ṣé wọn ò fún ọ lóúnjẹ lóhùn-ún ni?"

Ìyá mi nìyẹn. Ó di apá mi mú, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí ẹran tó fi sí i lọ́jọ́sí gbà lọ. Àǹtí mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò tiẹ̀ bèèrè nǹkan kan, ó kàn ń mi orí, ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tá tó wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló fà mí lọ sẹ́yìn ilé, tí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀: "Kí ni dókítà sọ? Má fi pa mọ́ fún mi o." Èmi tí mo rò pé wọn á pàtẹ́wọ́ fún mi! Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gún iyán, ìyá mi sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

N kò bá wọn jà. Nílé wa, ẹni tí ara rẹ̀ kún ni nǹkan ń ṣẹnuure fún, ikùn ọkùnrin tó bá sì ti lé lógójì ọdún jẹ́ ìwé ẹ̀rí tí kò nílò òǹtẹ̀. Ẹni tó bá rù lójijì, àìsàn tàbí àìlówó ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò sí i, ojú wọn sì ti rí èyí tó pọ̀ tó láti máa bẹ̀rù. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ibi tí wọ́n ti rí iṣẹ́ ọwọ́ mi kedere, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń bá mi kẹ́dùn. Ibi tí wọ́n ti ń ka ìwé nípa àǹfààní kí ara fúyẹ́, kò sẹ́ni tó wò mí.

Ó wá ku èmi àti òṣùwọ̀n inú balùwẹ̀, òun náà ò sì láàánú.

NHS, àjọ ìlera wọn, ní kí èèyàn máa fojú sun ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ìdajì kílò yẹn wò. Pure water kan tí wọ́n ń tà lójú títì nílé, 50cl ni, omi inú rẹ̀ sì wọn ìdajì kílò gẹ́lẹ́. Ẹ fi odindi ọ̀sẹ̀ kan sẹ́ ara yín, ẹ ò fẹnu kan dòdò, ẹ ò wo ibi tí búrẹ́dì wà. Kí ẹ wá fi eyín gé etí pure water kan, kí ẹ fà á mu, kí ẹ gun òṣùwọ̀n. Ọ̀sẹ̀ yẹn ti wọlẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rá padà o, omi ni. Iyọ̀ àti Maggi inú ìrẹsì àríyá náà máa ń fa omi mọ́ra, débi pé ẹni tó lọ sóde ìyàwó ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lálẹ́ Sátidé lè fi kílò kan tàbí méjì wúwo sí i láàárọ̀ Sọ́ńdè láìjẹ́ pé ó sanra rárá.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń tan èèyàn jù, nítorí pé ó dùn. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kan rẹ̀ sì ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Bí ẹ bá dín ẹ̀bà àti ìrẹsì kù, èyí ló kọ́kọ́ ń tú. Òṣùwọ̀n á já wálẹ̀, ẹ ó sì jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ kẹta, omi ti lọ, ó ku ọ̀rá gan-an, ìyẹn ò sì kánjú ibì kankan. Ara tó ti fúyẹ́ kò tún nílò oúnjẹ tó bíi ti tẹ́lẹ̀ láti gbé ara rẹ̀ kiri, nítorí náà bó ṣe ń pẹ́ ló ń falẹ̀ sí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń padà sídìí iyán nìyí, tí a óò ní sísanra wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa.

Nílé, wíwọn ara kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Ọmọkùnrin kan á gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ẹ ó san owó díẹ̀, ẹ ó gùn ún, á sì ka nọ́ńbà yín sókè kí ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì lódìkejì lè gbọ́. Wọ́n á jọ bá yín yọ̀ bó bá pọ̀. Inú ọkọ̀ akérò ni ẹ ó ti pàdé oníwàásù oògùn tó ní tíì tí ń fọ ọ̀rá ikùn. Ewé tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á di yàrá yín, òṣùwọ̀n á ní ẹ ti fúyẹ́, ọ̀rá á sì wà níbi tó wà.

Àwọn òyìnbó ní ìṣirò tiwọn, BMI, tí wọ́n fi ń gbé ìwúwo wo gíga. Òyìnbó á dé 25 kí wọ́n tó sọ fún un pé ó ti sanra jù. Àwa adúláwọ̀, 23 ni tiwa, torí pé àtọ̀gbẹ àti àwọn àìsàn bíi tirẹ̀ máa ń tètè bá wa. Mo gba ìdí rẹ̀ gbọ́, àmọ́ kò sí ibodè tí wọn kì í ti kọ́kọ́ dá wa dúró.

Òṣùwọ̀n tí mo fọkàn tán wà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, lọ́wọ́ aránṣọ mi. Ìwé ni. Ìwé ọmọ iléèwé tí etí rẹ̀ ti ká, tó ń kọ ọrùn, àyà, ìbàdí àti itan gbogbo oníbàárà sí. Ojú ewé tèmi kún fún ìlà tí wọ́n fà lé nọ́ńbà lórí, aṣọ ẹbí kan tẹ̀ lé òmíràn, ìbàdí ń gòkè bí owó epo. Lọ́dún kan tí òṣùwọ̀n balùwẹ̀ ti dúró sójú kan, tí ọkàn mi ti ń sọ pé kí n jọ̀wọ́ ara mi fún ọ̀fadà, mo fi téèpù wọn ara mi, mo fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp nítorí aṣọ ìgbéyàwó kan. Ó pè mí láìpẹ́.

"Brọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ìbàdí yìí wọ̀n. Kì í ṣe tiyín."

Mo tún un wọ̀n, òun náà ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kò burú, aṣọ á ṣẹ́kù, òun á fi rán fìlà abetí-ajá lé e. N kò tíì gba ìyìn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ìyìn ló ń ṣe, aṣọ ló ń ṣírò.

Bí òṣùwọ̀n ṣe lè dúró kí ìbàdí sì máa sún kò ní idán nínú. Iṣan kì í gba àyè tó ọ̀rá tí wọ́n jọ wúwo bákan náà, ẹni tó bá sì ń rìn, tó ń gbé nǹkan wúwo, lè máa fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ní 2022, NICE, ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ fún àwọn dókítà England, gba àwọn àgbà nímọ̀ràn pé kí ìbàdí wọn má tó ìdajì gíga wọn. Aránṣọ mi ò gbọ́ orúkọ NICE rí, ṣùgbọ́n téèpù kan náà ni wọ́n jọ ń lò.

Mo ní ẹlẹ́rìí mìíràn. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù ní àtẹ̀gùn 193, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ láti fi kìlọ̀ fún èèyàn, mo sì ń gùn ún báyìí láì dúró díbọ́n pé mò ń wo fóònù. Ní òkè Olúmọ, l'Abẹ́òkúta, mo fi ẹ̀rọ agbéniròkè sílẹ̀ fún àwọn àbúrò mi. Ìyàwó mi ní n kì í hanrun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, kò sì fi gbogbo ara dùn sí i: ó ní òun ń jí lóru láti wò ó bóyá mo ṣì ń mí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ ra téèpù, kò wọ́n. Ẹ máa wọn ìbàdí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ jọ̀ọ́, bí a bá dé ní Kérésì tí ẹ rí i pé a ti rù, ẹ kọ́kọ́ bi wá léèrè bóyá àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni, kí ẹ tó kéde àwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta.