Bí Ọ̀dẹ̀ Ṣe Lè Fi Orin Di Ọmọ Gabon

Ìwọ ọ̀dẹ̀ ọmọ Yorùbá tó ń tajà ní Akébé ní Libreville, tí wọ́n ti ń mọ̀ pé àlejò ni ọ́ kó o tó kí wọn tán, fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti sọ fún ọ pé béèyàn bá ń kọrin, ahọ́n ìlú rẹ̀ á pòórá. Òótọ́ ni, títí dé ibì kan. Nítorí náà, láti òní lọ, jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Orin nìkan ni kó máa ti ẹnu rẹ jáde.

Fi takisí bẹ̀rẹ̀. Ní Libreville, ẹni tó fẹ́ wọ takisí á dúró lẹ́bàá títì, á pariwo ibi tó ń lọ àti iye tó fẹ́ san. Bí awakọ̀ bá gbà, á tẹ hóònù; bí kò bá gbà, eruku lá fi dá ọ lóhùn. Ìwọ má pariwo o. Kọ ọ́ lórin: “Akébé-Plaine, trois cents!” Fà á gùn dáadáa. Awakọ̀ ò ní mọ ìlú tó o ti wá, torí ohun tó ń tú ọ fó ni bó o ṣe ń gbé ohùn sókè sódò lórí ọ̀rọ̀ Faransé, bí ẹni pé wọ́n fi àmì ohùn sí i látilẹ̀. Bí orin bá dé, ó ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ: òun ló ń sọ ibi tí ohùn máa ròkè, ibi tó máa falẹ̀ àti ibi tó máa sáré. Awakọ̀ lè rò pé wèrè ni ọ́, ṣùgbọ́n wèrè ọmọ Gabon ni.

Ó di ilé ọtí. Bó o bá fẹnu lásán béèrè bíà Régab, “Régábù” lo máa pè é, torí ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Kọ ọ́ lórin. Nínú orin Faransé, e tí wọ́n ń gbé mì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bíi “porte” sábà máa ń dún ketekete, nítorí náà fáwẹ̀lì àsọdùn tìrẹ á rí ibi jókòó. R tó ń gbọ̀n lẹ́nu rẹ ńkọ́? Édith Piaf náà gbọn tiẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Bí wọ́n bá wá fi orin “Bane” sí i, ayé ti di tìẹ. Èdè Lumbu ni Oliver N’Goma, ọmọ Mayumba tó kú ní 2010, fi kọ ọ́, ìwọ tí o ò gbọ́ Lumbu kan á sì máa pè é bí onílùú. Ṣé o rí i, ọ̀rọ̀ àti ahọ́n rẹ̀ jọ wọ etí rẹ lẹ́ẹ̀kan náà ni. O ò ní Lumbu mìíràn nílé tó o lè fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1983, Peter Trudgill, onímọ̀ èdè ará Ìlú Ọba, kọ̀wé nípa àwọn olórin ìlú rẹ̀ tí wọ́n ń kọrin bí ará Amẹ́ríkà: ọ̀dọ̀ ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ irú orin bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣàlàyé, ọ̀dẹ̀ ń jó.

Ṣọ́ra lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí wọ́n bá fi ohùn orin òyìnbó kọ orin Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ahọ́n nìkan lorin máa gbé lọ, á kó ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Ìjẹ̀ṣà, Nàgó àti ará Èkó á dún bákan náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí orin bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí “ọ̀run”, á di “ọrùn”, gbogbo ìjọ á sì máa bẹ Olúwa kó mú wọn dé ọrùn láyọ̀. Nǹkan yìí dun T. K. E. Phillips débi pé ó kọ̀wé lé e lórí ní 1953, òun tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi l’Ékòó láti 1914 di 1962. Faransé ò ní irú ìṣòro yìí. Bó o bá gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà lójú kan.

Ibi tí ọ̀nà ti dí rèé. Orin lè fa fáwẹ̀lì gùn, kò lè fún ọ ní kọ́ńsónáǹtì tí ìyá rẹ ò fún ọ. Yorùbá ò ní z. Kọ “zéro” láti àárọ̀ dalẹ́, fi gìtá sí i, fi agogo sí i, “séro” ló máa jáde. (Bó o bá jẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́ tó gbọ́ èdè Gùn, ìwé yìí kì í ṣe tìẹ, Gùn ní z, tètè máa lọ.) Bẹ́ẹ̀ òdo, ìyẹn “zéro” yẹn, ni gbogbo nọ́ńbà fóònù Gabon fi ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí arẹwà kan ní Akébé bá gbọ́ orin rẹ, tó rẹ́rìn-ín, tó ní kó o ka nọ́ńbà rẹ fún òun, wú ikọ́, na ọwọ́ sí ọ̀fun bí ẹni tóhùn ti há, kó o sì tọrọ bírò.